Báà Tó Ń Pòórá Lórí Kọ̀ǹpútà Ẹ̀bá Fèrèsé

"Ó tún ti lọ!" ni Ọ̀gá Ignace, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ṣẹ́fù, wí. Ó na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń fi ibi tí wọ́n ti tú ewúrẹ́ rẹ̀ lọ han ènìyàn.

Aurélie Ògúnyínká fa àga sún mọ́ tábìlì, ó jókòó, kò sì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni ní àgọ́ ọlọ́pàá Atakpamé. Ó ti wá alùpùpù tí wọ́n jí, ó ti wá ọkọ tó sá lọ sí Gánà, ṣùgbọ́n wọn kò tíì pè é rí wá wá ohun tí ènìyàn kò lè fọwọ́ gbá mú. Òjò àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Láti ojú fèrèsé, ó ń wo ìkùukùu tó ń gòkè kúrò lára àwọn òkè, inú rẹ̀ sì dùn pé wọ́n pè é síbi tí ẹnì kankan kò ti ṣẹ̀jẹ̀.

"Ẹ ṣàlàyé fún mi bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, Ṣẹ́fù. Kí ló lọ?"

"Báà ni, Màdáàmù. Ìlà gígùn kan tó kún fún bọ́tìnnì. Òkè ojú ewé níbí ló máa ń wà."

Ilé iṣẹ́ kékeré ni ilé náà, ẹ̀gbẹ́ òkè ló wà, kò sì jìnnà sí ọjà. Ibẹ̀ ni Ignace àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń kó ọ̀rọ̀ Ifẹ̀, èdè tí wọ́n ń sọ ní agbègbè náà, jọ, tí wọ́n ń kọ wọ́n sínú ìwé atúmọ̀ tí gbogbo ayé lè ṣí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kíbọ́ọ̀dù Faransé kò ní gbogbo lẹ́tà Ifẹ̀, kò sì ní àmì ohùn. Nítorí náà ni Maxime, ọmọkùnrin tó ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà wọn, ṣe ṣe báà yìí, tó sì fi í kún aṣàwákiri tí wọ́n fi ń ṣí ojú ewé. Àwọn lẹ́tà náà wà lórí rẹ̀. Ní ìparí rẹ̀, ní igun ọ̀tún, bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n kọ *Fi Pamọ́* sí.

"Ẹni tí kò bá tẹ *Fi Pamọ́*, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní dé inú ìwé," ni Ignace wí. "Báyìí, báà kò sí mọ́. Gbogbo ohun tí Bàbárímisá, bàbá tó ń sọ ọ̀rọ̀ àtijọ́ fún wa, sọ lánàá, kò sí ẹyọ kan nínú ìwé. Èyí tó sọ ṣáájú ìyẹn pàápàá ti lọ. Bàbá náà ń padà sí Moretan lọ́la, nítorí iṣu rẹ̀ ń dúró dè é lóko. Àgbà ni, Màdáàmù. Ta ló mọ̀ bóyá yóò tún lè gun mọ́tò wá síbí?"

"Ta ni ẹ fura sí?"

Ignace kò tilẹ̀ rò ó. "Maxime ni. Ó fẹ́ lọ gba iṣẹ́ ní Lomé, mo ní kó dúró títí ìwé yóò fi parí, ló bá ń bínú. Òun ló ṣe báà, òun ló lè tú u. Ó lè jókòó sílé rẹ̀ kó sì wọ inú kọ̀ǹpútà wa, ó ní kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ aṣínà. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ní kó má ṣe tẹ ẹnu ọ̀nà wa mọ́. Bí ẹ bá sì ti parí ìwádìí yín, mo fẹ́ kí ẹ mú un."

Aurélie wò ó. "Ẹ̀yin ti yí kọ́kọ́rọ́ náà padà?"

"Ọjọ́ Ajé náà ni mo yí i. Èmi nìkan ni mo mọ tuntun."

"Báà sì tún lọ lánàá?"

"Ó tún lọ lánàá," ni Ignace wí. Bó ti sọ ọ́ tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ.

"Bí báà bá lọ báyìí, báwo lẹ ṣe ń rí i padà?"

"Mo máa ń pa kọ̀ǹpútà, mo máa ń tún un tàn. Á kàn padà wá bí ẹni pé kò lọ síbì kankan."

Kọ̀ǹpútà méjì ló wà nínú yàrá náà. Ọ̀kan wà lẹ́bàá fèrèsé, èkejì wà lẹ́bàá ògiri. Aurélie dìde, ó wo èyí tó wà lẹ́bàá ògiri. Báà wà lókè rẹ̀, ó gúnwà síbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀.

"Tibí kò lọ rí?"

"Kò lọ rí. Èmi ni mo ń lò ó nígbà tí mo bá ń yẹ iṣẹ́ wọn wò. Ti ẹ̀bá fèrèsé nìkan ló ń lọ, òun sì ni Tántì Céline, akọ̀wé wa, fi ń kọ ọ̀rọ̀."

* * *

Maxime wà lábẹ́ agboòrùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó lọ sí Anié, ó ń tún fóònù ọlọ́mọge kan ṣe. Nígbà tó gbọ́ orúkọ àgọ́ ọlọ́pàá, ó gbé irin tó fi ń tú u sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Màdáàmù, mi ò ṣe nǹkan kan."

"Mi ò tíì sọ pé o ṣe nǹkan. Níbo lo wà lánàá?"

"Anié. Ìyá ìyàwó mi ń ta aṣọ lọ́jà níbẹ̀, èmi ni mo bá a kó ẹrù. Gbogbo ọjà ló rí mi. Mo tilẹ̀ jà pẹ̀lú onímọ́tò kan nítorí àyè ẹrù."

"Inú ń bí ọ sí Ṣẹ́fù?"

"Inú bí mi." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ṣùgbọ́n Màdáàmù, ọwọ́ mi ni mo fi ṣe báà yẹn. Oṣù mélòó kan ni mi ò fi sùn dáadáa nítorí rẹ̀. Ìyá ìyá mi kò gbọ́ Faransé, kò gbọ́ èdè Ewe dáadáa, Ifẹ̀ nìkan ló ń sọ. Ìwé yẹn, tirẹ̀ ni. Ṣé èmi ni n ó wá bà á jẹ́?"

 Aurélie ti gbọ́ àwọn olè tó ń sunkún, ó sì ti gbọ́ àwọn olè tó ń búra, ṣùgbọ́n kò tíì gbọ́ olè tó ń sọ̀rọ̀ ohun tó jí bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀.

"Ìwọ tó ṣe é, kí lo rò pé ó lè mú un lọ?"

"Mo kọ́kọ́ rò pé aṣàwákiri ló gba ìsọdọ̀tun, tí kò sì bá báà mu mọ́."

"Ọ̀kan náà ni aṣàwákiri àwọn kọ̀ǹpútà méjèèjì?"

"Ọ̀kan náà ni. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń gba ìsọdọ̀tun."

"Nígbà náà, kì í ṣe ìyẹn. Ti ẹ̀bá ògiri wà ní ipò rẹ̀."

Maxime họ orí. "Ó yà mí lẹ́nu. Bí wọ́n bá jẹ́ kí n fojú rí i ni, ǹ bá ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n lé mi."

"Àwọn ọ̀rọ̀ tí Bàbárímisá sọ náà ti sọnù," ni Aurélie wí.

Ọmọkùnrin náà dìde dúró. "Wọ́n sọnù? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ sọnù. Báà ní àpò kan. Ohun tí wọ́n bá tẹ̀, inú àpò yẹn ló ń dúró sí títí wọn yóò fi tẹ *Fi Pamọ́*. Àfi bí ẹnì kan bá dìídì pa á rẹ́. Màdáàmù, ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yẹn!"

"N ó pè ọ́," ni Aurélie wí. "Kọ́kọ́ tún fóònù obìnrin yìí ṣe tán ná."

* * *

Nígbà tó padà dé, Ignace ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Màdáàmù, ohun kan wà tí mi ò fẹ́ sọ níwájú àwọn ènìyàn. Mo jókòó, mo ro ọjọ́ tí báà ń lọ. Ọjọ́ tí Bàbárímisá bá wá nìkan ni. Bí kò bá wá, báà kì í lọ síbì kankan. Ẹ sì mọ̀ pé àwọn ará oko wọ̀nyẹn, wọn kò tíì fi oògùn àwọn baba wọn sílẹ̀. Èmi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n..."

"Ṣùgbọ́n ẹ gbà á gbọ́ díẹ̀," ni Aurélie wí.

Ignace fọwọ́ nu iwájú orí rẹ̀.

"Ohun tí ẹ sọ nípa ọjọ́ yẹn wúlò púpọ̀, Ṣẹ́fù. Ohun tí ẹ fi tì í lẹ́yìn ni kò wúlò."

Bàbárímisá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, ó ń jẹ àgbàdo sísè. Bàbá gbígbẹ kan ni, fìlà rẹ̀ tẹ̀ sí etí kan, ojú rẹ̀ sì kún fún ẹ̀rín. Aurélie kúnlẹ̀ kí i, ó sì jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, wọ́n ní ohun tí ẹ sọ lánàá ti sọnù."

"Mo gbọ́. Kò burú, n ó tún un sọ. Bí mo bá rántí." Ó rẹ́rìn-ín. "Wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi ohun tí a ń pe iṣu tó ta lé òkúta, tó sì yí ọrùn padà. Mo sọ ọ́. Èmi fúnra mi kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Ó kàn jáde lẹ́nu mi ni. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wá a báyìí, kò tún jáde mọ́."

Aurélie gbọ́ ìyẹn. Ó ti ń fi ọ̀ràn yìí ṣeré láti àárọ̀, àfi bó ṣe rí i pé ọ̀rọ̀ kan lè kú níbí lónìí, kí ẹnì kankan má sì mọ̀ pé ó wà rí.

"Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, Bàbá, ta ló máa ń jókòó tì yín?"

"Céline nìkan ni. Ó gbọ́n, obìnrin yẹn. Mo ń sọ, ó ń tẹ̀ ẹ́ wàrà wàrà. Kì í wo ọwọ́ rẹ̀ rárá. Ó máa ń fẹ́ kí ilẹ̀kùn wà ní títì, ó ní ariwo ọjà ń dà á láàmú."

"Nígbà tí ẹ kò bá sí ńkọ́, kí ló máa ń kọ?"

"Wọ́n ní inú ìwé ló ti ń wò ó kọ. Ìwé tí wọ́n tẹ̀, ńlá ńlá."

* * *

Aurélie sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun nìkan wà nínú yàrá. Ó tẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà ẹ̀bá fèrèsé, ó sì wo kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ kínníkínní bí ẹni ń wá òkúta nínú ìrẹsì. Lẹ́yìn náà ó lọ wo ti ẹ̀bá ògiri.

Lórí ti ẹ̀bá ògiri, bọ́tìnnì méjì kan wà tí eruku bò: èyí tí wọ́n kọ *Ctrl* sí ní igun ìsàlẹ̀, àti èyí tó ní àmì àròpọ̀. Lórí ti ẹ̀bá fèrèsé, bọ́tìnnì méjèèjì yìí ń dán. Àmì àròpọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ lójú tirẹ̀. Àmì àyọkúrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà ń dán.

Kí ni ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ ń fi àròpọ̀ àti àyọkúrò ṣe?

Ó pa kọ̀ǹpútà náà, ó tún un tàn. Báà padà sókè, gẹ́gẹ́ bí Ignace ti wí. Aurélie wá tẹ *Ctrl*, ó sì tẹ àròpọ̀ mọ́ ọn. Lẹ́tà gbogbo tó wà lójú ewé tóbi sí i. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Wọ́n tún tóbi. Àwọn bọ́tìnnì báà ń fún ara wọn mọ́ra bí èrò inú mọ́tò Anié. Ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, báà sì fò kúrò lókè! Ó já sí ìsàlẹ̀ ojú ewé, ó sì wọ abẹ́ ìlà búlúù kan tó wà níbẹ̀. Kò hàn mọ́.

Ó tẹ àyọkúrò títí lẹ́tà fi padà sí bó ti wà. Báà kò padà. Abẹ́ ìlà búlúù ló wà, ó farapamọ́ síbẹ̀ dákẹ́jẹ́ẹ́.

Ó wo igun ọ̀tún lókè, níbi tí *Fi Pamọ́* ti kúrò. Ohun mìíràn ti wà níbẹ̀ báyìí, àmì ilé kékeré kan tó ń gbé ènìyàn padà sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ igun náà, tí kò sì rí i dáadáa, yóò tẹ̀ ẹ́, ojú ewé yóò yí padà, yóò sì rò pé òun ti fi ọ̀rọ̀ òun pamọ́.

Aurélie fẹ̀yìn tì. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀ nítorí ó ti rí i. Lẹ́yìn náà inú rẹ̀ bàjẹ́ díẹ̀ nítorí ẹni tó jẹ́.

* * *

Tántì Céline ń fọ ife ní ẹ̀yìnkùlé. Obìnrin tó ń ṣe jẹ́jẹ́ ni, orí rẹ̀ ti ń funfun. Òun ló ti wà nínú ilé iṣẹ́ náà ṣáájú ẹnikẹ́ni.

"Tántì," ni Aurélie wí, "ẹ bá mi wo nọ́ńbà yìí. Ojú mi kò gbé e." Ó na fóònù rẹ̀ sí i.

Céline gbà á. Ó gbé e jìnnà, ó gbé e súnmọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Oòrùn ti pọ̀ jù níbí."

Oòrùn kò tíì yọ. Ìkùukùu ṣì wà lórí òkè.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, Tántì?"

Céline gbé ife tó mú lọ́wọ́ kalẹ̀. Kò béèrè ohun tó ń sọ. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ, ó sì jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Láti ìgbà òjò tó kọjá. Ojú mi ń ṣú bíńtín bíńtín. Èyí tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé, mo lè gbé e súnmọ́ ojú. Ṣùgbọ́n bí Bàbárímisá bá ń sọ̀rọ̀, mo gbọ́dọ̀ rí ojú kọ̀ǹpútà. Nítorí náà mo máa ń ti ilẹ̀kùn, mo máa ń jẹ́ kí lẹ́tà tóbi. Tó bá kù díẹ̀ kí Ṣẹ́fù wọlé, mo máa ń dá a padà. Kò burú, àbí? Lẹ́tà kàn tóbi ni."

"Nígbà tí lẹ́tà bá tóbi, báà kò rí àyè mọ́, á fò lọ sísàlẹ̀. Ẹ̀yin kò rí i pé ó lọ. Ọwọ́ yín ń lọ sí igun náà fúnra rẹ̀."

Céline fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ Bàbá nù?" Omi lé sí i lójú. "Maxime sì ń jìyà rẹ̀! Mo ń gbọ́ bí Ṣẹ́fù ṣe ń pariwo lé e lórí, mo sì ń sọ nínú ara mi pé báwo ni ọmọ náà ṣe le báyìí. Màdáàmù, mi ò mọ̀. Olúwa gbọ́, mi ò mọ̀."

"Mo mọ̀ pé ẹ kò mọ̀."

"Lọ́dún tó kọjá, Ṣẹ́fù sọ nínú ìpàdé pé ẹni tí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà bá ti ń rẹ̀ kó fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀dọ́. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ ṣe nílé, Màdáàmù? Àwọn ọmọ mi ti lọ. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni mo ní."

Aurélie jókòó tì í lórí àtẹ̀gùn. "Mo lè sọ fún Ṣẹ́fù pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Irọ́ kọ́ pátápátá. Kò sí òfin tó ní kí n sọ orúkọ yín."

 Céline dìde.

"Rárá," ni ó wí. "Wọ́n ti pe ọmọlọ́mọ lólè. Ẹ pe Maxime kó wá. Èmi ni n ó sọ ọ́."

* * *

Ó sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn, ó dúró gbọn-in lẹ́bàá fèrèsé. Ignace gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbárímisá ń wo ọ̀dọ̀ Ignace àti ọ̀dọ̀ Céline, ó ń dúró bí ẹni tó ń retí ààrá.

Ignace kò bá Céline sọ̀rọ̀. Maxime ló kọ́kọ́ kọjú sí.

"Mo ṣẹ̀ ọ́," ni ó wí. "Mo ti sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé kí wọ́n mú ọ. Má bínú."

Maxime kò mọ ibi tí yóò wò. "Kò burú, Ṣẹ́fù. Ẹ jẹ́ kí n wo kọ̀ǹpútà náà ná."

Ó jókòó. Ó ní ẹ̀bi òun náà wà níbẹ̀, nítorí òun ló kọ́ báà pé kó sá bí kò bá rí àyè, òun kò sì rò pé ẹnì kan lè fẹ́ kí lẹ́tà tóbi. Ó tẹ̀ síhìn-ín, ó tẹ̀ sọ́hùn-ún. Báà jáde kúrò lábẹ́ ìlà búlúù. Maxime gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ó mú kó dúró lóòró bí òpó, ó sì jẹ́ kí lẹ́tà ojú ewé tóbi. Báà kò fò mọ́. Bọ́tìnnì *Fi Pamọ́* tóbi lókè rẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé.

"Àpò náà ńkọ́?" ni Aurélie béèrè.

Maxime fa èémí. Ó tẹ bọ́tìnnì kan.

Ọ̀rọ̀ tú jáde sójú kọ̀ǹpútà. Ti àná jáde, ti ìgbà tó ṣáájú jáde, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn wọn. Ignace fọwọ́ lé àyà. Céline tẹ̀ síwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n sókè, kò sì fi ojú rẹ̀ súnmọ́ wọn. Ó ka orúkọ ewé, ó ka orúkọ ẹyẹ. Nígbà tó kan iṣu tó ta lé òkúta, Bàbárímisá pariwo, ó fò sókè bí ọmọkùnrin.

"Òun ni! Òun náà ni! Bàbá mi máa ń pè mí bẹ́ẹ̀ tí mo bá ń ṣagídí!" Lẹ́yìn náà ó tẹ́tí. "Tún un kà. O gbé ohùn rẹ̀ sókè díẹ̀ jù níparí."

Céline tún un kà. Bàbá náà mi orí. Céline na ọwọ́, ó sì tẹ *Fi Pamọ́*.

"Tántì," ni Ignace wí níkẹyìn, "ẹ lọ rí oníṣègùn ojú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ilé iṣẹ́ ni yóò san án. Lẹ́yìn náà ẹ padà wá, nítorí kò sẹ́ni tí etí rẹ̀ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ bí tiyín."

 Céline kàn ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi etí aṣọ nu ojú.

Aurélie kí Bàbárímisá pé ó dàbọ̀, ó sì mú àpò rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò mú lọ sí àgọ́, kò sì sí ìwé tí yóò kọ. Bó ti ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì Ignace, ó rí i pé Ignace ti pe Maxime wọlé, ó sì ń ti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn náà kò pàdé tán. Aurélie gbọ́ ohùn ọ̀gá náà, ó rẹlẹ̀ bí ohùn ẹni tó ń jẹ́wọ́ fún àlùfáà.

"Maxime, jọ̀wọ́. Kọ̀ǹpútà tèmi tó wà lórí tábìlì yìí náà. Bá mi jẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi bẹ́ẹ̀."